Ibo là ń pàgọ́ sí létíkun tí omi ò fi ní ká wa mọ́ orun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkun. Òṣogbo ni mo ń gbé, orí adágún ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kayak, ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Lóṣù tó kọjá, èmi àti àbúrò mi wà á gba etíkun Àgbádárìgì. A pàgọ́ sókè ibi tí ìgbì to pàǹtí sí. Òṣùpá àrànmọ́jú ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, omi ti wọ abẹ́ ẹní, gààrí wa ti rin gbingbin, kayak kan ti ń léfòó lọ.

Mo ti wo àwòrán Google, kò fi gíga iyanrìn hàn. Àwọn apẹja ní ká sún mọ́ ìdí àgbọn, àmọ́ wọ́n ti ṣọgbà yí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ká.

Ẹ jọ̀ọ́, àmì wo lára iyanrìn tàbí koríko ló ń fi ibi tí omi ń kún dé hàn nígbà òṣùpá àrànmọ́jú?