Ẹ gbà mí níyànjú: eku igbó àti kòkòrò ibà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Plasmodium berghei ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí, kòkòrò ibà eku tí wọ́n rí ní Katanga, Kóńgò, ní 1948. Eku igbó ibẹ̀ ń gbé e kiri, àmọ́ kòkòrò náà kì í sábà pa eku ọ̀hún. Àwọn eku funfun tèmi ńkọ́? Ní ọjọ́ keje tí mo fi kòkòrò náà sí wọn lára, irun wọn ti dìde, etí wọn ti funfun bí òwú.

Mo fẹ́ fi eku igbó wé wọn, àmọ́ èyí tí a bá dẹ mú lè ti kó ibà rí, kí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó, àbí kí n dúró de ọmọ tí wọ́n bá bí sílé àyẹ̀wò? Ọ̀gá mi ní kí n yára (ẹ mọ ọ̀gá). Ẹni tó ti sìn wọ́n rí, báwo lẹ ṣe ṣe é tí wọn ò fi jẹ ọmọ wọn?