Línkì inú iframe tó ní sandbox kò ṣiṣẹ́: kí ni kí n fi kún un?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa HTML. Mo fi iframe (férémù tó ń fi ojú-ìwé kan hàn nínú òmíràn) gbé fọ́ọ̀mù láti sáìtì mìíràn sínú ojú-ìwé mi, mo sì kọ sandbox="allow-scripts allow-forms" sára rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí kóòdù ẹlòmíràn ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù ń lọ dáadáa. Àmọ́ téèyàn bá fi ránṣẹ́ tán, línkì tó ní target="_top", tó yẹ kó gbé gbogbo ojú-ìwé lọ síwájú, kì í dáhùn rárá. Kọ́ńsóòlù, ibi tí bíráwúsà ń kọ àṣìṣe sí, sọ pé sandbox ló dènà rẹ̀.

Mo fi allow-same-origin (tó ń jẹ́ kí férémù ṣì jẹ́ ti sáìtì tó ti wá) kún un, kò yí nǹkan kan padà. Allow-top-navigation ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn: kóòdù inú férémù lè fúnra rẹ̀ gbé àwọn tó ń ka ojú-ìwé mi lọ ibòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ nǹkan kan.

Mi ò láṣẹ lórí fọ́ọ̀mù náà, iframe nìkan ni mo lè tún ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè kọ sínú sandbox tí yóò gba línkì yìí láàyè kìkì nígbà tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́?