Ìṣẹ́jú 30 lórí rédíò: fíìmù tuntun àti eré olórin, báwo lẹ ṣe máa pín in?

Atọ́kùnSátidé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà ìdí ẹ̀rọ. Ètò ìṣẹ́jú 30 ni, ní Sátidé, Yorùbá pọ́ńbélé. Apá kan wà fún fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sinimá, apá kejì fún eré orí ìtàgé olórin táwọn olùgbọ́ fẹ́ràn. Ti fíìmù máa ń gùn jù, ó sì máa ń tú àṣírí ìtàn síta. Ti eré olórin ńkọ́, bí orin bá ti wọlé, olùgbọ́ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. *Ọba Kò So* ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

OlóòtúÀgbà:
Ẹ yọ ìpolówó kúrò kẹ́ ẹ tó pín nǹkan kan. Bó bá gba ìṣẹ́jú 5, 25 ló kù: 8 fún fíìmù, 12 fún eré olórin, 5 fún àwọn tó ń pè wọlé.

Nínú 8 yẹn, ìtàn ò gbọdọ̀ gbà ju 3 lọ. Bí fíìmù bá jẹ́ wákàtí 2, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 àkọ́kọ́, ẹ gbé e mì. Àṣírí ń tú nítorí pé ìtàn nìkan lẹ kọ sílẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́. Ẹ mú ìran kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ yà á sójú olùgbọ́: ta ló dúró níbo, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ta ló kọ́kọ́ gbójú kúrò. (Bí mo bá láṣẹ, màá fòfin de "ó dùn gan-an" lórí afẹ́fẹ́.)

Ọjọ́ Ẹtì ni fíìmù ń wọ sinimá ní Nàìjíríà, nítorí náà ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ìwé pélébé àti lẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ mú dání. Iná fóònù á bí ará ẹ̀gbẹ́ yín nínú. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí tí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò fún un, bíi 12, 15 tàbí 18. Ẹ sọ bóyá ògbufọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ń pa òwe jẹ.

EtíÌlù:
Bí ọ̀rọ̀ òṣèré ò bá já gaara, ẹ má tètè dá fíìmù lẹ́bi. Ẹ rántí bí ìpolówó àwọn fíìmù mìíràn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta ṣe dún. Bí ìyẹn bá mọ́ lẹ́tí, àwọn tó po ohùn fíìmù yìí ló jẹ̀bi. Bí gbogbo ẹ̀ bá ń dún wúruwùru, gbọ̀ngán ni.

Ní ti *Ọba Kò So* tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde l'Óṣogbo ní 1963, bàtá ló ń bo ọ̀rọ̀, ọfọ̀ sì kún fún èdè tí etí òde òní kì í tètè mú. Ẹ mú ibi tí Gbọ̀nkáà ti kojú Tìmì l'Ẹ́dẹ, àwọn méjèèjì jẹ́ jagunjagun Ṣàngó. Gbólóhùn méjì tó: Ṣàngó ló rán Tìmì lọ síbẹ̀, Ṣàngó náà ló tún rán Gbọ̀nkáà pé kó lọ mú un wá. Ọfọ̀ ni wọ́n fi ń jà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìlà mẹ́ta nínú ọfọ̀ ọ̀hún jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá gbé ohùn tòótọ́ sí i fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, láìsọ̀rọ̀ lé e lórí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan sábẹ́ ohùn yín, bàtá nìkan ni, kó sì fi nǹkan bíi dB 15 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) rẹlẹ̀ sí ohùn yín.

Ohùn àtijọ́ sábà máa ń kùn. Iná mànàmáná ni, ní Hz 50 (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ Hz 60. Bẹ́ ẹ bá gé e dé 150, ìyá ìlù á di agolo.

Agbẹjọ́ròAfẹ́fẹ́:
Ẹ má fi fóònù gba ohùn nínú sinimá o, olè ni. Ẹ tọrọ ohùn ìpolówó lọ́wọ́ àwọn tó ṣe fíìmù. Òfin kópíráìtì ọdún 2022 fàyè gba àyọlò fún lámèyítọ́, bẹ́ ẹ bá dárúkọ iṣẹ́ àti oníṣẹ́. Odidi orin, ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Atọ́kùnSátidé:
Ẹ ṣé gan-an. Bí ẹni tó pè wọlé bá wá fẹ́ sọ bí fíìmù ṣe parí ńkọ́?

OlóòtúÀgbà:
Kí ẹni tó ń gba ìpè kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti wò ó. Bó bá ti wò ó, aṣọ, orin tàbí òṣèré ni kẹ́ ẹ bi í. Kí ọwọ́ yín sì wà lórí bọ́tìnnì tó ń gé ìpè.