Mọ́tò jíà lórí òkè: báwo lẹ ṣe ń gbéra tí kò fi ní sún sẹ́yìn?

Ọmọ Ifẹ̀ Oòyè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ara wa. Ọtomátíìkì ni mo fi kọ́ mọ́tò, àmọ́ Golf tí mo rà báyìí, jíà ni. Tí títì bá tẹ́jú mò ń wà á geere, Mayfair sí Lágere ní Ifẹ̀ níbí, kò sí wàhálà. Òkè ló ń dà mí láàmú, pàápàá Òkè Ìtasẹ̀, tí wọ́n bá dá mi dúró láàárín òkè tí ọ̀kadà ti tò sẹ́yìn mi, bí mo bá ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búréèkì báyìí ló ń yí sẹ́yìn, tí mo bá sì yára tú kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ yẹn, á kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìdajì kí n máa tẹná, kí n fi gbé e dúró bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ òórùn bíi pé nǹkan ń jó máa ń jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń ṣe é?

Awakọ̀ Iléṣà:
Àbúrò, pélétì kílọ́ọ̀ṣì ló ń jó yẹn o! Tó o bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ẹ́ńjìnnì ń yí, pélétì ò sì gbá a mú tán, wọ́n á wá máa ha ara wọn, ooru ibẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Hánbúréèkì ni kó o fi gbé mọ́tò dúró. Fà á kó mú dáadáa, tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀ tán, fi sí wọ́ọ̀nù, tẹná díẹ̀, wá máa rọra tú kílọ́ọ̀ṣì. Ó níbi tó máa dé, ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, á wúwo, imú mọ́tò á fẹ́ẹ́ gbé sókè. Bálánsì nìyẹn. Má mi ẹsẹ̀ níbẹ̀, sọ hánbúréèkì kalẹ̀, fi iná kún un, wá tú kílọ́ọ̀ṣì tán, kò ní sún sẹ́yìn rárá. Bálánsì mọ́tò kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ o, torí náà wá ibi tó tẹ́jú láàárọ̀ Sunday, fi sí wọ́ọ̀nù, má tẹná, máa tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ á mọ ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gbẹ́sẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí mọ́tò ń sáré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e kúrò, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì lẹ ń jẹ run yẹn. Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Lágere, ẹ yọ ọ́ sí fíríì, kó má sí nínú jíà kankan, kẹ́ ẹ fa hánbúréèkì.

Akẹ́rù Ìwàràjà:
Gígun òkè lẹ ń sọ, sísọ̀kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láti Ẹ̀fọ̀n Alààyè bọ̀ sí Ìwàràjà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń yọ ọ́ sí fíríì torí kí epo lè ṣẹ́kù. Ẹ gbà mí, ẹ má ṣe é! Ẹ́ńjìnnì ò dì í mú mọ́, búréèkì nìkan ló kù, tó bá gbóná jù, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ kó má mú. Jíà tẹ́ ẹ máa fi gun òkè yẹn ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́, tuù tàbí tíríì, ẹ sì ti fi sí i kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Tó bá jẹ́ tepo, mọ́tò onínjẹ́tọ̀ máa ń dá epo dúró fúnra ẹ̀ tó bá wà nínú jíà tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, fíríì gan-an ló ń mu epo kó má bàa kú.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòyè:
Ẹ ṣé gan-an. Hánbúréèkì mi ò fi bẹ́ẹ̀ mú o, ṣé ó lè gbé e dúró ní Òkè Ìtasẹ̀?

Awakọ̀ Iléṣà:
Rárá o. Jẹ́ kí mẹkáníìkì bá ẹ fa wáyà ẹ̀ lónìí, kó yẹ búréèkì ẹ̀yìn wò pẹ̀lú.