Àgbo àti oògùn ìtọ̀ ṣúgà: ṣé wọ́n ṣeé lò pọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Metformin àti glibenclamide ni dókítà kọ fún wọn. Àbúrò wọn wá gbé àgbo inú ike kan dé, ewúro àti ejìnrìn, ó ní kí wọ́n pa oògùn òyìnbó tì. Wọn ò pa á tì ṣá, méjèèjì ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ara ewé náà ni oògùn òyìnbó ti wá. Kò parọ́: ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Galega officinalis ló ṣí ọ̀nà fún metformin, ara ewéko mìíràn, Artemisia annua, sì ni Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, ti rí oògùn ibà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015. Ṣùgbọ́n wọ́n wọn ìwọ̀n ìyẹn. Ti inú ike yìí, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ife wo?

Èmi ò kórìíra àgbo, òun ni wọ́n fi wò wá dàgbà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ejìnrìn lè fa ṣúgà wálẹ̀, glibenclamide náà ń fà á.

Ẹ̀yin apòògùn àti nọ́ọ̀sì, kí ni ká máa ṣọ́ lára wọn? Ṣé ẹnì kan ti rí ẹni tó lo méjèèjì pọ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún dókítà? Wọ́n ní yóò bínú sí àwọn.