Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ń lọ sí Ìkòròdú: Linux wo ló máa gbé e?

Ọmọ Ìgbógbó, Manchester
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Láptọ́ọ̀pù mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tó ń lọ sí ilé lẹ́sìnnì kan ní Ìgbógbó. ThinkPad T420 mẹ́rin, RAM 4GB. Dell Latitude E6410 kan, 2GB. Netbook kékeré kan, Atom N270, 1GB. Hard disk tó ń yí ló wà nínú gbogbo wọn. Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì ní gbà wọ́n. Àwọn ọmọ máa fi tẹ̀wé, wọ́n á fi wo fídíò ẹ̀kọ́, wọ́n á sì fi múra sílẹ̀ fún JAMB. Kí ni ká rà kún un, Linux wo la máa fi sí i?

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté, Toronto
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Yọ netbook yẹn kúrò nínú ẹrù. N270, processor inú rẹ̀, ò mọ 64-bit, 32-bit àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Debian 13, ẹ̀yà Linux kan tó jáde lóṣù kẹjọ 2025, ò sì ní installer fún 32-bit mọ́. Debian 12 ṣì ní in, wọ́n á sì máa tún un ṣe títí di 2028, àmọ́ browser òde òní wo ló fẹ́ fi 1GB ṣe nǹkan gidi? Ojú ewé kan ṣoṣo á dá a dúró gbagidi.

Àwọn T420 ni kó o gbájú mọ́. Core i5 wọn ò lọ́ra, hard disk yẹn ló ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ra SSD (disk tí kì í yí, tó yára) SATA 2.5 inch, 240GB, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti RAM, jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di 8GB. Ti láptọ́ọ̀pù ni kó o rà, SO-DIMM, tí wọ́n kọ PC3 tàbí PC3L sí lára (DDR3 nìyẹn). T420 gba méjèèjì. DDR4 ò ní wọlé, ibi tí wọ́n gé létí rẹ̀ yàtọ̀, má fi agbára tì í. Tú ẹ̀rọ náà wò kó o tó náwó: bí 4GB tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ 2GB méjì, àyè méjèèjì ti kún nìyẹn, 4GB méjì lo máa rà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹyọ kan péré lo máa fi kún un.

Debian 13 pẹ̀lú Xfce, desktop tó fúyẹ́, ni tèmi. Má torí pé ẹ̀rọ ti dàgbà lọ gbé Linux àtijọ́ sí i o. Desktop àti browser ló ń jẹ RAM, kì í ṣe kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀. Kernel tuntun ṣì mọ gbogbo ohun tó wà nínú T420.

Ọmọ Sábó, Berlin
Ẹ̀gbọ́n, Puppy Linux ńkọ́? Ó fúyẹ́ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté, Toronto
Ó fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ root, ọ̀gá tó lè yí ohunkóhun padà, ni èèyàn ń jẹ́ níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí oríṣiríṣi ọmọ ti máa fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù? Rárá o.

Ọmọ Sábó, Berlin
Mo gbà fún yín, sà. Ọmọ Ìgbógbó, bí wàá ṣe ṣe é rèé. Flash 8GB ti tó. Gba ISO (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ) ti Debian 13 amd64, ìyẹn ti 64-bit, fi `sha256sum` yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá èyí tó wà lójú ewé Debian mu. ISO tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà ló sábà máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ dúró lágbedeméjì, táwọn èèyàn á wá máa bú láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, `lsblk`, kó o mọ èwo ni flash. Ká ní sdb ni:

`sudo dd if=debian.iso of=/dev/sdb bs=4M status=progress conv=fsync`

sdb ni o, kì í ṣe sdb1. Bó o bá ṣèèṣì kọ sda, fáìlì ìwọ fúnra rẹ lo nù dànù yẹn.

Lórí T420, F1 ló ń ṣí BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ. Lọ sí Startup, UEFI/Legacy Boot, mú Legacy Only. F12 lo máa fi yan flash. Ti Dell, F2 ni. Wá SATA Operation, kó wà ní AHCI. Nígbà tí installer bá béèrè desktop, yọ àmì kúrò lórí GNOME, fi sórí Xfce.

Má fi ọwọ́ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣe ọ̀kan tán pátápátá, kó o wá fi Clonezilla dà á kọ sórí mẹ́ta tó kù. Níbí lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: SSD tó o fẹ́ dà á kọ sí ò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 256GB, 240GB ò ní gbà á. Lẹ́yìn náà, yí orúkọ inú `/etc/hostname` àti `/etc/hosts` padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì ṣe èyí:

`sudo rm /etc/machine-id && sudo systemd-machine-id-setup`

Bí machine-id, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, bá jọra, router lè fún ẹ̀rọ méjì ní IP kan náà, wọ́n á sì máa lé ara wọn kúrò lórí Wi-Fi.

Màmá Ìmọ̀ta, Houston
Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti gbàgbé bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, CR2032. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tí bátìrì ńlá náà sì tán ni aago ẹ̀rọ á padà sí ọdún àtijọ́. Browser á ní ìwé ẹ̀rí ojú ewé ò dáa, `apt`, tó ń wa software wá fún Debian, á ní àkókò Release ò tíì tó. Ẹni tó wà ní Ìgbógbó á rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó ẹrù. Ti ThinkPad ní wáyà lára, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ wo bátìrì ńlá náà pẹ̀lú `upower -i $(upower -e | grep BAT)`. Bí energy-full (iná tó lè gbà báyìí) bá ti wálẹ̀ ju ìdajì energy-full-design (èyí tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun) lọ, ẹ máa kà á sí pé inverter ni wọ́n máa gbára lé. Ẹ ka ara ṣájà pẹ̀lú: 100–240V ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ti Manchester ò níṣòro sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan náà ni Nàìjíríà àti UK jọ ń lò. Àwa ti Amẹ́ríkà tá a bá fẹ́ fi desktop ránṣẹ́, ká wo ẹ̀yìn power supply àtijọ́. Bí bọ́tìnnì pupa bá wà ní 115, tí wọ́n sì kì í bọ 230V ní Ìkòròdú, èéfín ló máa jáde.

Ohun kan ṣì kù tó lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wọn irú software tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò JAMB. Bó bá jẹ́ .exe, ìyẹn ti Windows, Wine, tó ń gbé software Windows lórí Linux, lè gbé e, ó sì lè má gbé e. Ẹ dán an wò lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté, Toronto
Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ dátà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ márùn-ún tó ń wa update kan náà lórí MiFi kan, owó ni wọ́n ń sun. Fi `apt-cacher-ng` sórí T420 kan, fún un ní IP tí kì í yí, bíi 192.168.1.10. Lórí àwọn yòókù, kọ ìlà yìí sínú `/etc/apt/apt.conf.d/00proxy`:

`Acquire::http::Proxy "http://192.168.1.10:3142";`

Ẹ̀rọ kan á gbà á wálẹ̀, àwọn tó kù á gbà á lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá gba https kọjá ò ní wọ inú ẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí àdírẹ́sì Debian wà ní http.

Ní ti fídíò, oríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ká fídíò kéré pọ̀: graphics inú T420 mọ H.264, kò mọ VP9 àti AV1. Bí YouTube bá fún un ní VP9, processor ló máa ru gbogbo ẹ̀, fáànù á sì máa hó. Fi `i965-va-driver` sí i, fi enhanced-h264ify sínú Firefox kí YouTube lè máa fún un ní H.264, kó o wá fi `vainfo` yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Ìgbógbó, Manchester
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Dell yẹn ńkọ́? Mo ti gbé Debian sí i, kò rí Wi-Fi kankan.

Ọmọ Sábó, Berlin
Tẹ `lspci -nn | grep -i network`. Bó bá jẹ́ Broadcom, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ náà ò gbà kí ẹlòmíì máa pín firmware rẹ̀, software tí káàdì Wi-Fi fi ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ISO. Fi wáyà USB so fóònù rẹ mọ́ ọn, tan USB tethering, kó o wá fi `firmware-b43-installer` sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa wa firmware ọ̀hún, torí náà ṣe é kó o tó gbé e sínú àpótí. Kó o sì fi `zram-tools`, tó ń ká ohun inú RAM kéré kó lè gba púpọ̀ sí i, kún un tí RAM rẹ̀ bá ṣì wà ní 2GB: nínú `/etc/default/zramswap`, ALGO=zstd, PERCENT=50.