Fọ́tò HEIC ló kún flash mi, ibo ni mo ti lè yí i sí JPG?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo ń wá. A ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún màámi lóṣù tó kọjá, àbúrò mi tó wá láti London ló fi iPhone ẹ̀ ya gbogbo wa, ó kó fọ́tò 214 sínú flash fún mi kó tó padà. Mo gbé flash dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ bá wa tẹ̀ ẹ́, ó ní HEIC ni gbogbo ẹ̀, irú fáìlì tí iPhone fi ń tọ́jú fọ́tò, kọ̀ǹpútà òun ò ṣí i, àfi JPG. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń yí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sáìtì àkọ́kọ́ gba márùn-ún péré ló bá ní kí n sanwó, èkejì ní kí n kọ́kọ́ dáńlóòdù nǹkan kan, ẹ̀rù bà mí mo sá jáde. Windows ni mo ń lò, dátà mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Sátidé yìí ni ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ gbà á o.

Gbénró
Ẹ kú oríire màámá, wọ́n á pẹ́ fún wa. Èyí ò le rárá mà. Ẹ right click fọ́tò, ẹ yan rename, ẹ pa .HEIC rẹ́ kẹ́ ẹ fi .jpg dípò ẹ̀. Ó parí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
Gbénró má ṣi ìyá oníyàá lọ́nà 😂 Tó o bá pe ewúrẹ́ ní àgùntàn, ṣé ìyẹn á ní kó hu irun àgùntàn ni? Orúkọ nìkan lo yí, ohun tó wà nínú fáìlì wà bó ṣe wà, ẹ̀rọ oníṣẹ́ ọ̀hún ò tún ní ṣí i.

Màámi, tèmi ni pé kẹ́ ẹ má gbé gbogbo ìyẹn lọ sórí sáìtì kankan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 2MB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 428MB lẹ máa fi ránṣẹ́, JPG tẹ́ ẹ máa gbà padà á sì tóbi tó ìlọ́po méjì ẹ̀, torí ohun tí Apple tìtorí ẹ̀ gbé HEIC wọ iPhone ní 2017 nígbà tí iOS 11 jáde náà nìyẹn, kí fọ́tò má gbà ju bí ìdajì àyè tí JPG ń gbà. Lọ bọ̀ ẹ̀, ó ti lé ní 1GB. Ẹ dáńlóòdù XnConvert, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń yí fọ́tò, látorí sáìtì àwọn tó ṣe é gan-an, ọ̀fẹ́ ni fẹ́ni tó ń lò ó nílé. Ẹ wọ́ folder yẹn jù sí Input, ẹ bọ́ sí Output, ẹ yan JPG, ẹ fi quality sí 95, ẹ yan folder tuntun tó máa kó wọn sí, ẹ tẹ Convert. Ẹ má pa HEIC rẹ́ o, òun ni ojúlówó.

Jùmọ̀kẹ́
Òótọ́ ni Ọmọ Kọ̀ǹpútà sọ, àmọ́ ẹni tó bá ní ẹyọ kan méjì ò nílò gbogbo wàhálà yẹn jàre. Mo máa ń lo sáìtì CloudConvert fún HEIC, tó bá jẹ́ WebP tàbí PNG ni, irú fáìlì fọ́tò míì, sáìtì Squoosh ni, àwọn ara Google Chrome ló ṣe é, ó dẹ̀ dáa torí inú browser ẹ níbẹ̀ ló ti ń ṣe é, fọ́tò ẹ ò lọ síbì kankan. Irú sáìtì bẹ́ẹ̀ wà fún HEIC náà. Tó o bá fẹ́ mọ èyí tí ò purọ́ nínú wọn, jẹ́ kí sáìtì ṣí tán, pa dátà, kó o wá ju fọ́tò sí i. Tó bá yí i láìsí dátà, kò kó nǹkan kan lọ.

Èyí tó ní kẹ́ ẹ dáńlóòdù nǹkan yẹn, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sá. Ní oṣù kẹta 2025, FBI ti Denver ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa irú wọn, pé wọ́n á bá ẹ yí fáìlì lóòótọ́ àmọ́ fáírọ́ọ̀sì á ti wà nínú ohun tó o gbà sílẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé báńkì, mi ò jẹ́ gbé e síbẹ̀ láéláé.

Alátẹ̀wé
Iṣẹ́ mi lẹ ń sọ yìí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má gba WhatsApp kó di JPG. Mo mọ̀ pé ó máa ń yí i, àmọ́ á tún fún un mọ́lẹ̀. Ìyàwó kan gbé irú ẹ̀ wá lọ́jọ́sí, òkúta wẹ́wẹ́ ara léèsì ẹ̀ ti dà pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n da ògì sí i, ó fẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ tóbi kó gbé e kọ́ sí pálọ̀! Tó bá jẹ́ dandan, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Tẹ́ ẹ bá yí i tán, ẹ wo properties ẹ̀, èyí tí iPhone yà ní 12MP (mílíọ̀nù píksẹ́lì méjìlá, àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò) gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ píksẹ́lì 4032 sí 3024. Tó bá ti bọ́ sí 1600, nǹkan ti ṣe é. Ẹ má dẹ̀ wá yí èyí tó ti bàjẹ́ sí PNG kẹ́ ẹ rò pé á mọ́, fáìlì á kàn tóbi sí i lásán ni.

Gbénró
Ẹ má bínú mà 🙈 Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí mo yí logo mi láti PNG sí JPG tí ẹ̀yìn ẹ̀ di dúdú?

Alátẹ̀wé
JPG ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn òfìfo, ó gbọ́dọ̀ kun ún ni. Fi logo sílẹ̀ ní PNG.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun ṣeun ṣeun. XnConvert ni mo lò, kí n tó rọ omi sí ẹ̀bà tán ó ti ṣe é. Àmọ́ 183 ni mo rí, 31 yòókù ò yí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
Ẹ wo ìparí orúkọ wọn, ṣé kì í ṣe MOV?

Ìyá Ìbejì
MOV ni o!

Ọmọ Kọ̀ǹpútà
Live Photo ni àbúrò yín tàn sílẹ̀. Fídíò kékeré tó ń bá fọ́tò rìn ni, fọ́tò wọn wà nínú 183 yẹn. Ẹ sọ fún un kó wọ Settings, Camera, Formats, kó yan Most Compatible, JPG lá máa yà látìgbà náà lọ.

Ìyá Ìbejì
Mo ti sọ fún un, ó ní fóònù òun máa kún. Kó kún. Mo ti ṣí ọ̀kan nínú àwọn MOV yẹn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, màámi ń tún gèlè ṣe wọn ò mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn. Mi ò ní pa ìyẹn rẹ́ o.